Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá tún dé: kí ni kí ìjọba pa láṣẹ, kí ni kí ọjà àti ilé pinnu fúnra wọn?

#1 Ọmọ Lísàbí
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ìgbìmọ̀ ọjà kan níbí l'Abẹ́òkúta ń kọ ìlànà sílẹ̀ de ọjọ́ tí àrùn mìíràn bá bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èrò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Nínú ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún 2020, èwo ló yẹ kó ti Àbújá tàbí Òkè-Mọ́sàn (ọ́fíìsì gómìnà Ògùn) wá, èwo ló yẹ kí ọlọ́jà, onímọ́tò, onílé-ìwé àti bàálé ilé máa pinnu? Ẹ jọ̀ọ́, "ìjọba burú" kò tó, "ará ìlú ò gbọ́ràn" náà ò tó. Ẹ sọ ohun tó ṣiṣẹ́, ohun tó yíwọ́, àti ìdí rẹ̀.

Fún ẹni tó ti gbàgbé: ará Ítálì tó kọ́kọ́ gbé Kòrónà wọ Nàìjíríà dé Èkó ní ọjọ́ 24 oṣù kejì, 2020, ó lọ sí Ewékorò, wọ́n sì kéde èsì àyẹ̀wò rẹ̀ ní ọjọ́ 27. Ẹnì kejì tó ní in, tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta, ìpínlẹ̀ Ògùn níbí ló wà; ó ti fara kan ti àkọ́kọ́ ni. Kónílé-ó-gbélé tí Ààrẹ Buhari pa láṣẹ fún Èkó, Ògùn àti Àbújá bẹ̀rẹ̀ ní aago 11 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, àmọ́ wọ́n sún ti Ògùn sí ọjọ́ 3 oṣù kẹrin kí àwọn èèyàn lè ráyè ra oúnjẹ. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn rẹ̀.

#2 Bọ̀dá Kútọ̀
Tèmi ò le. Kí ìjọba máa sọ òótọ́ fún wa nípa àrùn: ibi tó wà, bó ṣe ń ràn, àwọn tó ń pa jù. Kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún wa. Àgbàlagbà ẹni 70 ọdún tó ní ìtọ̀ ṣúgà mọ̀ pé kò yẹ kí òun lọ síbi ìnáwó. Ọmọ ogún ọdún tó ń ti ọmọlanke ní Láfẹ́ńwá, ebi ló máa tètè pa á ju Kòrónà lọ. Kí ló dé tí àṣẹ kan náà á fi de àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀? Ẹni tẹ́rù bá ń bà, kó ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

#3 Nọ́ọ̀sì Adátán
Bọ̀dá mi, ọmọ tó ń ti ọmọlanke yẹn kì í dá gbé. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ló ń sùn, balùwẹ̀ kan ni gbogbo wọn jọ ń lò, ìyá arúgbó sì wà ní yàrá kẹta. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó kó Kòrónà lè máa kó o ran ẹlòmíràn ní nǹkan bí ọjọ́ méjì kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Láàárín ọjọ́ méjì yẹn, òun ò mọ̀, oníbàárà rẹ̀ ò mọ̀. Báwo ló ṣe máa fi ọgbọ́n orí rẹ̀ pinnu lórí ohun tí kò mọ̀?

Ohun tó kan ìjọba níbẹ̀ ni owó àyẹ̀wò, àwọn tó ń tọpa ẹni tó fara kan aláìsàn, àti ibùdó ìyàsọ́tọ̀ bíi ti Ìbẹ̀rẹ̀kòdó àti Ìkẹ́nnẹ́. Onílé kankan ò ní dá ìyẹn san, nítorí ará àdúgbò ló ń jàǹfààní rẹ̀ ju òun alára lọ. Kónílé-ó-gbélé gan-an, mi ò gbà pé òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ibi tí àyẹ̀wò àti ìtọpa bá ti tètè yá, ó lè má kan ti ká ti gbogbo ìlú pa.

#4 Tísà Ọrọ̀-Ajé
Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà sí i. Lọ́dún 2020, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Yunifásítì Chicago, Austan Goolsbee àti Chad Syverson, fi ìsọfúnni orí fóònù wo bí àwọn oníbàárà ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ara wọn wéra, níbi tí òfin kónílé-ó-gbélé ti de apá kan ààlà tí kò de apá kejì. Iye tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù já wálẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 60 nínú 100. Nínú 60 yẹn, òfin fúnra rẹ̀ kò fa ju 7 lọ. Ẹ̀rù ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ti ń jókòó sílé kí òfin tó dé. Kódà, àwọn tó jáde ń yẹra fún ṣọ́ọ̀bù tí èrò pọ̀ sí, wọ́n ń ya sí kéékèèké.

Èyí ló jẹ́ kí n sọ pé ìròyìn tó ṣeé gbára lé lágbára ju kóńdó ọlọ́pàá lọ. Lálaalẹ́ ni NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ń gbé òǹkà jáde nígbà náà, ní ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀. Iye tí wọ́n bá kọ síwájú "Ògùn" kò wúlò fún ẹni tó wà ní Àsẹ̀rò, torí ó lè jẹ́ pé Ọ̀tà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Òǹkà ìjọba ìbílẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kí ará ìlú máa rí: Gúúsù Abẹ́òkúta lọ́tọ̀, Àríwá Abẹ́òkúta lọ́tọ̀, Ọ̀dẹ̀dá lọ́tọ̀. Ìyẹn ni Bọ̀dá Kútọ̀ á fi rí nǹkan gùn lé tó bá fẹ́ dá pinnu.

#5 Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú
Ẹ ṣeun, Tísà, àmọ́ Amẹ́ríkà lẹ ti mú u wá. Ẹni tí owó oṣù ń wọ báńkì fún, tí fìríìjì rẹ̀ ń rí iná, ẹ̀rù lè dá a dúró sílé. Alátà tó ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan láàárọ̀, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló ní kó tó jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ wá wo àṣẹ pé kí ọjà ṣí lọ́jọ́ kan, kó tì lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n fún wa lóṣù kẹrin yẹn. Ọjà tó ń ṣí lójoojúmọ́ láti aago 7 àárọ̀ sí 7 alẹ́ ní wákàtí 84 lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ọjọ́ mẹ́ta, láti aago 7 sí aago 2 ọ̀sán, wákàtí 21 ló kù. Bí iye ẹni tó ń ra ata kò bá yí padà, èrò inú ọjà á di ìlọ́po 4 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ká má fara kan ara wa, wọ́n wá kó gbogbo wa sínú wákàtí díẹ̀. Wákàtí tó kẹ́yìn ló máa ń burú jù, torí ìgbà yẹn ni ẹni tó pẹ́ dé àti ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ máa ń pàdé lójú ọ̀nà kan náà, tí gbogbo wọn ń sáré kí ọlọ́pàá tó dé.

Bí wọ́n bá bi ọlọ́jà léèrè ni, ìdàkejì la máa sọ: ẹ jẹ́ kí ọjà pẹ́, kí ìsọ̀ dín kù.

#6 Tísà Ọrọ̀-Ajé
Ẹ jàre lórí wákàtí, Ìyá wa. Ṣùgbọ́n ìlọ́po 4 ni ibi tó le jù tó lè dé. Bí ilé tó ń wá sọ́jà lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ bá di ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kan, tó ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, èrò wákàtí kan á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ibi tó há sí ni pé ẹni tó ní owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò pọ̀ láàárín wa. Ohun tí wọ́n rí lónìí ni wọ́n fi ń ra ti òní.

#7 Lọ́yà Ìsàbọ̀
Kí ẹ tó pín iṣẹ́, ẹ mọ ohun tó wà nínú ìwé. Abala 35(1)(e) nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 gbà kí wọ́n dá ẹni tó ní àrùn tó ń ràn dúró. Abala 41 fún wa ní òmìnira láti rìn síbi tó wù wá, abala 45 sì ní wọ́n lè fi òfin tó bá ìjọba àwa-ara-wa mu dín in kù nítorí ìlera gbogbo ènìyàn. Ẹ fi ojú sí "òfin" yẹn dáadáa. Ohùn ẹnìkan lórí rédíò kì í ṣe òfin.

Quarantine Act ti ọdún 1926, òfin ìyàsọ́tọ̀ nítorí àrùn, ni ìjọba àpapọ̀ gùn lé lọ́dún 2020. Abala 4 fún Ààrẹ lágbára láti ṣe ìlànà, abala 8 fún gómìnà bí Ààrẹ kò bá tíì ṣe é. Ìyà ẹni tó bá rú ìlànà yẹn: owó ìtanràn 200 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Owó tí kò ra búrẹ́dì, ẹ̀wọ̀n tó lè ba ayé ọmọlọ́mọ jẹ́, kò sì sí nǹkan kan láàárín wọn. Nígbà tí ìyà tó bófin mu kò bá wúlò, agbófinró á máa dá sẹ̀ríà tirẹ̀ lójú pópó. NHRC, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀, sọ láàárín oṣù kẹrin 2020 pé ẹ̀mí 18 ti bọ́ lọ́wọ́ agbófinró ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kónílé-ó-gbélé. Iye yẹn ju ti àwọn tí wọ́n kéde pé Kòrónà pa nígbà náà lọ.

Fún ìgbìmọ̀ ọjà: bí àṣẹ kan bá dé, ẹ bèèrè bóyá ó wà lákọsílẹ̀ àti ẹni tó fọwọ́ sí i, ọjọ́ tó máa parí, àwọn tí kò kàn (olóúnjẹ, olóògùn, aboyún), àti ibi tí èèyàn lè gbé ẹjọ́ lọ. Bó bá di ti òfin tẹ̀yin náà, ẹ fi ọjọ́ ìparí sí i. Ọjọ́ 14, kí ẹ tún jókòó wò ó. "Títí a ó fi rí i" kì í tán bọ̀rọ̀.

#8 Nọ́ọ̀sì Adátán
Ẹ jẹ́ n mú wa padà sí Ewékorò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tọ́ka síwájú orí èèyàn ní pápákọ̀ òfurufú kọ́ ló mú ará Ítálì yẹn. Dókítà tó wà ní ilé-ìwòsàn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ ló fura, tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn àrùn tó ń ràn ní Yaba. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ebola. Patrick Sawyer, ará Làìbéríà tó gbé e wọ Nàìjíríà, balẹ̀ sí Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje, 2014, ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Obáléńdé ló gbà á, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh sì kọ̀ jálẹ̀ pé Sawyer kò ní jáde, bó ti wù kí wọ́n fúngun mọ́ ọn tó. Àrùn yẹn ló pa Dókítà náà ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ.

#9 Bọ̀dá Kútọ̀
Ẹ ò rí i! Ẹ̀ẹ̀mejì ni aládàáni kó wa yọ. Kí la tún ń wá ìjọba lọ sí?

#10 Nọ́ọ̀sì Adátán
Ẹ má tíì jó, Bọ̀dá mi. Lẹ́yìn tí Adadevoh dí ilẹ̀kùn, ta ló wá gbogbo ẹni tó ti fara kan Sawyer rí? Wọ́n tọpa èèyàn 894. Wọ́n lọ wò wọ́n lójúkojú ní nǹkan bí ìgbà 18,500, torí ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ti ń bá ìjọba gbógun ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fà wá síbẹ̀, torí wọ́n ti mọ ojúlé kiri. Èèyàn 20 ló ní in, 8 kú, nígbà tó fi di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Aládàáni wo ló máa kan ilẹ̀kùn tó tó yẹn láìgba kọ́bọ̀?

Aládàáni ń tètè rí i torí òun ni aláìsàn wà níwájú rẹ̀. Ìjọba ló lè bá a dé ibi tí èrè kò sí. Ohun tó ń ba àárín wọn jẹ́ ni ìjìyà. Ẹni tó mọ̀ pé bí òun bá jẹ́wọ́ ibà, wọ́n á ti ìsọ̀ òun fún ọjọ́ 14, kò ní jẹ́wọ́. Á gbé parasítámọ́ọ̀ méjì mì, ara rẹ̀ á tutù, á sì gba iwájú ẹ̀rọ yẹn kọjá. Ẹ̀rọ yẹn gan-an kò ṣeé fọkàn tán lẹ́nu ọ̀nà ọjà: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn dé á gbóná níwájú orí láìní àìsàn, ẹni tó ti inú ọkọ̀ oní-éèsì bọ́ sílẹ̀ á tutù. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ jẹ́ kó jókòó síbi ìbòòji fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ná.

#11 Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú
Nọ́ọ̀sì, ẹ ti sọ ibi tọ́rọ̀ wà. Owó ọjọ́ 14 yẹn ni kókó. Ìjọba pín oúnjẹ nígbà náà, ilé tó kàn ò tó nǹkan, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá 2020, àwọn èèyàn já wọ ibi ìkẹ́rùsí káàkiri, wọ́n bá oúnjẹ tí ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ńlá, CACOVID, fi tọrẹ níbẹ̀. Ẹni tó ń retí ìrẹsì yẹn kò lè jókòó sílé.

Ohun tí ìlà ọjà lè ṣe fúnra rẹ̀ ni àjọ àìsàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìlà tó ní ìsọ̀ 60 ṣe àpẹẹrẹ: 500 náírà lọ́sẹ̀, ó di 30,000. Ìyẹn lè gbé èèyàn méjì ní 15,000 lọ́sẹ̀ kan. Bí ẹni mẹ́ta bá ṣàìsàn pọ̀, kò tó mọ́, nítorí náà ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a kí àrùn tó dé. Oṣù mẹ́ta kí ó tó dé, ẹ ti ní 390,000 nílẹ̀. Àwọn tó máa ṣọ́ àpò náà, kí wọ́n má ju mẹ́ta lọ, kí ọ̀kan nínú wọn má jẹ́ ọmọ ìlà yẹn. Ẹ má sì bèèrè ìwé dókítà kí ẹ tó san ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Owó ìwé yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìrànwọ́ náà tán.

#12 Ọmọ Lísàbí
Ọ̀rọ̀ fífi aláìsàn pamọ́ yìí ti pẹ́. Lúkúlúkú ọdún 1918, àrùn tí òyìnbó ń pè ní influenza, bá ọkọ̀ òkun wọ Èkó lóṣù kẹsàn-án, ó bá rélùwéè gòkè wá. Nígbà tí òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wá aláìsàn lójúlé-ojúlé l'Ékòó, ńṣe làwọn èèyàn sá kúrò nílùú, wọ́n sì gbé e dání lọ. Ní tiwa l'Ẹ́gbàá, oṣù kẹfà sí oṣù keje ọdún yẹn gan-an ni ogun Adúbí jà, lórí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí òmìnira Ẹ̀gbá bọ́ lọ́wọ́ wa. Ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìnbọn fún èèyàn ló tún fẹ́ wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí ikọ́!

Kẹ́ ẹ sì rántí pé kí àwọn òyìnbó tó dé, Ògbóni ń ṣèlú, Pàràkòyí ń bójú tó ọrọ̀ ajé. Ẹni tó ń pàṣẹ lórí ọjà mọ ọjà.

#13 Dẹ́rẹ́bà Láfẹ́ńwá
Ẹ káalẹ́ o. Ẹ má gbàgbé wa. Àṣẹ pé kí bọ́ọ̀sì kó ìdajì èrò dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ká ní owó ọkọ̀ jẹ́ 300, èrò 14: 4,200. Epo àti tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì kó 2,500 lọ, 1,700 kù fún awakọ̀ àti ọlọ́kọ̀. Bí èrò bá di 7, 2,100 ló wọlé, awakọ̀ ti fi 400 jìn sí kòtò kó tó rí àmàlà rà. Á kó 7 kọjá níwájú ọlọ́pàá, á gbé 7 yòókù ní kọ́nà tó kàn. Kò sí àṣẹ tó máa dá a dúró.

Ìjọba tó bá fẹ́ 7, ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n gbà kí owó ọkọ̀ di 600, tàbí kí wọ́n dá owó tíkẹ́ẹ̀tì dúró, kí wọ́n sì san ìyókù. Bí wọn ò bá lè ṣe èyíkéyìí, kí wọ́n fi iye èrò sílẹ̀, kí wọ́n sọ pé gbogbo fèrèsé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí gbogbo èrò wọ ìbòmú. Ìyẹn ò ná awakọ̀ ní kọ́bọ̀, á sì ṣe é. Kìkì pé bí òjò bá dé, èrò á máa ti fèrèsé pa. Ẹ ṣí fèrèsé iwájú àti èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, atẹ́gùn á ṣì máa gba àárín kọjá.

#14 Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú
Dẹ́rẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ yẹn kọ sílẹ̀ nìyí. Olóúnjẹ tútù (ata, ẹ̀fọ́, ẹja, ẹran) ṣí lójoojúmọ́, àmọ́ ìsọ̀ onínọ́ńbà òdì (1, 3, 5) lónìí, ìsọ̀ onínọ́ńbà méjìméjì (2, 4, 6) lọ́la, kí àlàfo ìsọ̀ kan wà láàárín wọn. Bí iléèwé bá wà ní títì, ẹ tọrọ pápá rẹ̀ fún àwọn alátà, ibẹ̀ fẹ̀, atẹ́gùn sì wà. Àwa aláṣọ lè dúró. Àdìrẹ kì í jẹrà, fóònù la ó fi tà á, ọlọ́kadà á gbé e. Ọ̀nà ọjà, ọ̀kan ni wíwọlé, ọ̀kan ni jíjáde. Iṣẹ́ ọlọ́jà nìyẹn, ìjọba ò mọ ìsọ̀ ta ni ó wà níbo.

Ní ti ìbòmú, ìpele mẹ́ta ni WHO ní kí ti aṣọ jẹ́, láti oṣù kẹfà 2020: òwú nínú, polypropylene láàárín (irú aṣọ tí wọ́n fi ń rán báàgì ìnáwó tí kì í ṣe híhun), polyester níta. Gbogbo èèyàn ló ń fi àdìrẹ síta nítorí ẹwà. Òwú ni, ó ń fa omi, bí ẹlòmíràn bá wú ikọ́ lù ú, á mu ún. Inú ló yẹ kó wà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí ọnà rẹ̀, ẹ ò rí ayé! Ẹ kọ́kọ́ fọ sítáàṣì ara rẹ̀ dànù kí ẹ tó rán an. Aṣọ tó gan kì í lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni èémí á máa gbà jáde.

#15 Apòògùn Sápọ́n
Ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo rí i pé ìgbìmọ̀ ọjà máa ra Jik àti Haipo, nítorí náà ẹ gba ìṣirò yìí. Láti nu tábìlì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, ìdá 0.1 nínú 100 lẹ nílò. Ẹ wo iye tí ìgò kọ sára, ẹ fi 0.1 pín in, ẹ yọ 1 kúrò: ìyẹn ni ife omi tó máa bá ife oògùn kan lọ. Ìgò tó kọ 5: ife kan sí ife omi 49. Èyí tó kọ 3.5: ife kan sí 34. Nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 20, ó jẹ́ mílílítà 400 fún ti 5, nǹkan bí 570 fún ti 3.5, kí ẹ fi omi kún un. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ po tuntun, oòrùn máa ń pa á. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò, torí ìdọ̀tí máa ń gba agbára rẹ̀. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn ṣáláńgá tàbí ọtí kíkan, gáàsì rẹ̀ lè pa èèyàn. Ẹ má sì fín in sí èèyàn lára. Àwọn géètì tó ń fín oògùn sára èèyàn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kiri ní 2020, WHO sọ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá.

Sanitaísà: fún lítà 10, ẹ̀táńọ́ọ̀lù onídàá 96 jẹ́ mílílítà 8,333, háídrójìn pẹrọ́ksáìdì onídàá 3 jẹ́ 417, gílísárọ́ọ̀lù jẹ́ 145, ẹ fi omi tí ẹ sè tó ti tutù kún un dé lítà 10, kí ẹ dé e pa fún wákàtí 72 kí ẹ tó lò ó. Ògógóró kò lè rọ́pò rẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ju ìdá 60 lọ, ògógóró ọjà kì í sábàá dé ibẹ̀.

Ibi tí ìjọba wọlé níbẹ̀ ni kí NAFDAC máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí èyí tí wọ́n fi omi là má bàa dé ọwọ́ ará ìlú. Kí wọ́n má fi òfin so owó rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá so ó, abẹ́ káńtà ló máa wọ̀, ẹni tó mọ ọlọ́jà nìkan ni yóò máa rí rà.

#16 Bọ̀dá Kútọ̀
Ó dáa, mo ti gbà fún Nọ́ọ̀sì lórí ìtọpa. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ sọ pé láti ọjọ́ 1 oṣù kejìlá 2021, òṣìṣẹ́ wọn tí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ tàbí èsì àyẹ̀wò Kòrónà (PCR) tí kò ju wákàtí 72 lọ kò gbọ́dọ̀ wọ ọ́fíìsì. Ara mi, tèmi ni.

#17 Lọ́yà Ìsàbọ̀
Agbanisíṣẹ́ ni wọ́n níbẹ̀, Bọ̀dá, kì í ṣe gbogbo ìlú ni wọ́n ń bá wí. Onílé-iṣẹ́ aládàáni náà lè fi irú rẹ̀ sínú àdéhùn. Ìyàtọ̀ wà láàárín "o kò ní wọ ibi iṣẹ́ wa" àti "a ó gún ẹ ní tipátipá". Wọ́n fi ọ̀nà àyẹ̀wò sílẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń san owó PCR ní gbogbo wákàtí 72 kò ní pẹ́ rí i pé kì í ṣe ọ̀nà rárá.

#18 Nọ́ọ̀sì Adátán
Ohun tó wà nínú ìgò kọ́kọ́ sọ ẹni tó yẹ kó pinnu. AstraZeneca tó dé ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta 2021, 3.92 mílíọ̀nù, ìgò kan rẹ̀ gba èèyàn 10. Inú òtútù dígírì 2 sí 8 ló ń gbé, bí wọ́n bá sì ti ṣí i, wákàtí 6 ló ní. Bí èèyàn mẹ́ta péré bá wá sí ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé, nọ́ọ̀sì á ní kí wọ́n padà wá lọ́la, tàbí kó da méje nù. Lọ́dún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá, wọ́n ba 1,066,214 jẹ́ l'Ábùjá torí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ni wọ́n fi tọ wá lọ́rẹ.

Nítorí náà, kí ìjọba gbé e dé, kí òtútù má já. Ọjọ́ àti iye èèyàn, kí ìlà ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ṣètò rẹ̀: ẹ kọ orúkọ 10 tàbí 20 sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ibùdó lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ jọ lọ. Èyí máa ń mú èèyàn wá ju káàdì tipátipá lọ, torí ẹni tó mọ aládùúgbò rẹ̀ tó ti gbà á ló ń bi léèrè bó ṣe rí lára.

#19 Ọmọ Lísàbí
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan kù láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀: wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka tó ń wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ṣé owó ìnákúnàá ni? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn ló sì ń lé láàlì.

#20 Nọ́ọ̀sì Adátán
Kì í ṣe ìnákúnàá. Nínú gbogbo ohun tí ẹ máa rà, òun ló máa ran ẹni tó wà nílé lọ́wọ́ jù láti mọ ìgbà tó yẹ kó jáde lọ sí ilé-ìwòsàn. Kó jókòó, kó simi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ọwọ́ rẹ̀ má tutù, kí ẹ dúró títí òǹkà fi dẹ́kun yíyí. Tó bá wà lábẹ́ 94, ẹ pe dókítà. Lábẹ́ 90, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ó ti le nìyẹn. Láàlì dúdú àti ọ̀dà èékánná máa ń dí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, torí náà ẹ lo ìka tí wọn ò lé. Bí gbogbo ìka ọwọ́ bá ní in, ẹ fi há ìka ọwọ́ ní ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ má gba èékánná kọjá. Ohun mìíràn: ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lóṣù kejìlá 2020 fi hàn pé ó máa ń ka iye tó ju ti òótọ́ lọ fún aláwọ̀ dúdú, ìgbà tó fi ń tàn wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Bó bá kọ 95, tó sì ń mí gúlegúle, ẹ gba ohun tí ẹ fojú rí gbọ́, ẹ gbé e lọ. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí wọ́n ń kọ òǹkà sí láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì fi ọtí sípírítì nu inú ẹ̀rọ náà kí ẹlòmíràn tó lò ó.

#21 Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú
Kí wọ́n ra bátìrì pamọ́ náà o. Púpọ̀ nínú wọn ń lo méjì kékeré, AAA, kì í pẹ́ kú.